Ìlú Tẹ́tẹ́ Pẹ̀lú Ọmọ Ọmọ: Ẹ Má Ṣe Bò Ó Lójú, Ẹ Là Á Lójú

Bí ìyá àgbà kan bá sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun àti ọmọ ọmọ òun ń lọ sí Las Vegas, àfàìmọ̀ kí wọ́n má kọ́kọ́ gbàdúrà fún un kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tó fẹ́ lọ ṣe. Tajá tẹran ló mọ̀ pé ìlú tẹ́tẹ́ ni. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà máa ń kan ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ọmọ wa ń gbé ní Amẹ́ríkà. Òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ ní Las Vegas débi pé yàrá tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 150,000, ìdí nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi ń ṣe àpérò ọdọọdún wọn síbẹ̀. Bàbá ọmọ ní àpérò, ìyá ọmọ náà fẹ́ bá a lọ kí ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ díẹ̀. Ta ni yóò wá mójú tó ọmọ? Ìyá àgbà tó ti Ìbàdàn dé ni.

Bó ṣe kàn mí nìyẹn. Ọmọ ọmọ mi ti pé ọdún 11. Ó ti kúrò lẹ́ni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ káàkiri, kò sì tíì tó ẹni tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lóun nìkan. Irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè máa ń pọ̀ lẹ́nu ọmọ, bí àgbà kò bá sì dá a lóhùn, fóònù yóò dá a lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ mi sọ ni pé ìlú náà ṣeé mú ọmọ lọ, bí ẹni tó mú un lọ bá ṣe tán láti ṣàlàyé ohun tí ojú ọmọ náà ń rí. Ẹni tó bá rò pé òun yóò fi ọwọ́ bo ojú ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n dé títí di ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, iṣẹ́ àṣedànù ló fẹ́ ṣe, torí láti pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ ni ẹ̀rọ kàlòkàlò ti ń ké, tó ń tan iná.

Bí ìlú náà ṣe di ohun tó dà

Lọ́dún 1905 ni iléeṣẹ́ rélùwéè kan ta ilẹ̀ ní gbàǹjo nínú aṣálẹ̀ Mojave, ibẹ̀ sì ni ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Nevada ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ lè máa ta á ní gbangba, kí owó orí lè máa wọlé fún wọn. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dáàmù ńlá kan sórí odò Colorado nítòsí ibẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì ya wọ agbègbè náà. Níbi tí òṣìṣẹ́ tó gbowó bá wà, ẹni tó fẹ́ gba owó náà kì í jìnnà síbẹ̀.

Òpópónà tí wọ́n ń pè ní Strip ni àwọn kasínò ńláńlá tò sí. Ó gùn tó máìlì 4 ó lé díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kò sì sí nínú ààlà ìlú Las Vegas rárá. Abẹ́ àkóso Clark County ló wà, ní agbègbè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paradise.

Ẹ má rò pé ọmọdé ṣèèṣì débẹ̀ ni. Wọ́n pè é wá ni. Nígbà tí wọ́n ṣí kasínò Circus Circus ní 1968, wọ́n kó àwọn tó ń tàkìtì lókè síbẹ̀, kí àwọn òbí lè ráyè ta tẹ́tẹ́ nísàlẹ̀. Ní 1990, òtẹ́ẹ̀lì Excalibur dé, wọ́n kọ́ ọ bí ààfin ọba inú ìtàn àwọn òyìnbó. Ní ìparí ọdún 1993 nìkan, mẹ́ta ńlá ló ṣílẹ̀kùn tẹ̀ léra: Luxor tí wọ́n kọ́ bíi píramídì, Treasure Island tó ní ọkọ̀ ojú omi àwọn ajalèlókun tó ń jà níwájú rẹ̀ nígbà náà, àti MGM Grand tó ní ọgbà eré fún àwọn ọmọdé. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé bí ọmọ bá fẹ́ wá, òbí yóò tẹ̀ lé e.

Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ọgbọ́n náà kò mú èrè wá tó bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n ti ọgbà eré MGM Grand pa. Ní 2003, wọ́n gbé ìpolówó kan jáde tó ń ṣẹ́jú sí àwọn àgbàlagbà pé ohun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe níbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń parí sí. Òkè ayọnáyèéfín àtọwọ́dá tó máa ń bú gbàmù níwájú òtẹ́ẹ̀lì Mirage láti 1989 pẹ̀lú ti kásẹ̀ nílẹ̀; wọ́n ti òtẹ́ẹ̀lì náà ní oṣù keje 2024. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ yín kan bá lọ ní ogún ọdún sẹ́yìn tó ń ròyìn ibẹ̀ fún yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ohun tó ń sọ ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ orí 21

Òfin Nevada kò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́, kò sì gbọdọ̀ máa rìn gbéregbère níbi tí wọ́n ti ń ta á. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: àárín kasínò lẹ máa gbà kí ẹ tó dé ibi ẹ̀rọ agbéniròkè, ibẹ̀ lẹ máa gbà kí ẹ tó dé ilé oúnjẹ. Òfin gba ọmọ láyè láti kọjá lójú ọ̀nà tó wà fún ìrìn pẹ̀lú àgbà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dúró wòran. Bí ọmọ bá fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ kan lásán, ẹ̀ṣọ́ yóò yọ sí yín.

Ọ̀kan yọ sí àwa náà. Ó fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní ká máa lọ. Ojú ti ọmọ náà díẹ̀.

“Màmá Àgbà, a kàn ń wò ni. A ò fọwọ́ kan nǹkan kan.”

“Mo mọ̀. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Tí kò bá dáa fún ọmọdé, báwo ló ṣe wá dáa fún àgbàlagbà?”

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìbéèrè yẹn ni ìrìn àjò náà dá lé. Nílé wa látijọ́, “Ọmọdé kì í béèrè irú ìyẹn” là bá fi dá a lóhùn. Irú èsì bẹ́ẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ mọ́ láyé òde òní, torí kò ní pẹ́ pé ọdún 21, èmi kò sì ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo kọ́kọ́ sọ ìtàn kan fún un. Ní 1987, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan fi owó sínú ẹ̀rọ kàlòkàlò ní ọ̀kan lára àwọn kasínò ibẹ̀, ẹ̀rọ náà sì dún pé ó jẹ owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tí wọ́n béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kọ́bọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, ó pàdánù. Ọmọ ọmọ mi ronú díẹ̀, ó ní, “Ká ní ó pàdánù owó tó fi sínú ẹ̀rọ yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n máa dá a padà fún un?” Mo ní kó fi ìyẹn ṣiṣẹ́ àmúrelé.

Ìṣirò tí ọmọ ọdún 11 lè ṣe

Nígbà tá a dé yàrá, a mú bébà àti bírò. Mo ṣàlàyé eré roulette fún un. Àgbá kan wà tó ń yí, wọ́n pín in sí ojú 38: nọ́ńbà 1 títí dé 36, òdo kan, àti òdo méjì tó so pọ̀. Bọ́ọ̀lù kékeré kan yóò bọ́ sójú kan nínú wọn. Bí o bá fi dọ́là 1 lé nọ́ńbà kan tó sì wọlé, wọn yóò san dọ́là 35 fún ọ, wọn yóò sì dá dọ́là rẹ padà.

“Ó dáa,” ni mo wí, “fi dọ́là kọ̀ọ̀kan lé gbogbo ojú 38. O kò lè ṣàì jẹ. Èló lo mú jáde lápò? Èló ló padà wọlé?”

Ó ṣe é lórí bébà. Ó mú dọ́là 38 jáde, dọ́là 36 ló padà wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, ó gbójú sókè, ó ní, “Màmá Àgbà, mo jẹ, síbẹ̀ mo jẹ gbèsè.” Lára gbogbo dọ́là 100 tí àwọn ènìyàn bá fi lé tábìlì náà, ìṣirò fi hàn pé dọ́là 5 àti sẹ́ǹtì 26 ni ti onílé bí eré bá pẹ́. Kò sí jìbìtì nínú rẹ̀, kò sì sí oògùn. Bí ìyá aláta tó ti lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú díẹ̀ ló rí: ẹni tó ra kóńgò kan kò ní fura, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra àpò kan yóò mọ̀ pé nǹkan kò pé.

Ẹ̀rọ kàlòkàlò ló ń pa èyí tó pọ̀ jù wọlé fún àwọn kasínò Nevada. Òfin ìpínlẹ̀ náà sọ pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò máa dá ó kéré tán ìdá 75 nínú 100 padà fún àwọn tó ń ta á. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń dá jù bẹ́ẹ̀ lọ padà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọ́n ṣe láti dá gbogbo rẹ̀ padà. Owó tó padà yẹn náà ni ènìyàn tún ń fi sínú rẹ̀, wọ́n sì ń bù nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọ̀pọ̀ kasínò, wọn kì í fi aago sára ògiri, fèrèsé kì í sì í sí, kí ẹni tó jókòó má baà mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú tàbí pé ilẹ̀ ti mọ́. Ọtí ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé fún ẹni tó bá ń ta á lọ́wọ́. Nígbà tí mo kà á jálẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ dáhùn ìbéèrè tó bi mí: kò dáa fún àgbàlagbà náà, àmọ́ òfin gbà pé owó ara rẹ̀ ló ń fi ṣòfò.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan nìyí. Àwa tá a dàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ kàlòkàlò, a mọ púùlù, a sì mọ Bàbá Ìjẹ̀bú. Ní Ìbàdàn àti Èkó lónìí, ojú títì wo ni kò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù Yúróòpù ta tẹ́tẹ́? Òfin sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ bá wọn dá sí i, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ń to tíkẹ́ẹ̀tì sápò níbẹ̀. Lórí fóònù pàápàá, àwọn eré ọmọdé wà tí ọmọ yóò ti fi owó gidi ra àpótí tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó ṣí i. Ìṣirò kan náà ni. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Mo dán ọmọ ọmọ mi wò ní Circus Circus. Àwọn tó ń tàkìtì ṣì wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wíwò wọn, ọgbà eré abẹ́ òrùlé aláwọ̀ òdòdó tí wọ́n ṣí ní 1993 náà sì wà. Ṣùgbọ́n yíká ibi ìtàkìtì ni àwọn eré tí ọmọ ti ń sanwó ju bọ́ọ̀lù, kó lè jẹ bèbí onírun. Mo fún un ní iye kan, mo ní tó bá tán, ó tán nìyẹn. Kí ó tó náwó kankan, ó dúró wo àwọn ọmọ mìíràn fún ìgbà pípẹ́, ó ń ka iye ìgbà tí wọ́n jù kí ọ̀kan tó jẹ. Lẹ́yìn náà ló ná ìdajì rẹ̀, ó fi ìdajì yòókù ra áísìkiriìmù. Ẹ jẹ́ kó ṣeré. Ẹ má kàn jẹ́ kó ṣeré láìmọ iye tó ń ná an.

Ohun tí ojú ń rí láìsanwó

Las Vegas ní nǹkan tó ju tẹ́tẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì gba kọ́bọ̀. Níwájú òtẹ́ẹ̀lì Bellagio, tí wọ́n ṣí ní 1998, adágún omi kan wà tó fẹ̀ ju éékà 8 lọ. Ẹnu ọ̀pá tó ń tú omi sókè nínú rẹ̀ lé ní 1,200, omi náà sì ń jó tẹ̀ lé orin, ó ń ga dé ẹsẹ̀ bàtà 460 nígbà mìíràn. Lọ́sàn-án, ó máa ń jó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú; bí alẹ́ bá lẹ́, ó di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú òtẹ́ẹ̀lì yẹn náà, ọgbà òdòdó kan wà tí wọ́n ń yí ìmúra rẹ̀ padà bí ìgbà ọdún ṣe ń yí, àjà ẹnu ọ̀nà wọn sì kún fún òdòdó onígíláàsì tó tó 2,000, iṣẹ́ ọwọ́ Dale Chihuly. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ sórí àga níbẹ̀, ó ń wo òkè títí ọrùn fi ro èmi tí mo dúró.

Sphere, ilé roboto tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹsàn-án 2023, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 366. Gbogbo ara rẹ̀ lóde ló jẹ́ àwòrán tó ń yí padà, ẹ kò sì nílò tíkẹ́ẹ̀tì láti dúró lókèèrè kí ẹ wò ó. Àwọn ohun tó ń gba owó náà wà. Àgbá ńlá High Roller, tó ti ń yí láti 2014, yóò gbé yín ga dé ẹsẹ̀ bàtà 550, yóò sì yípo láàárín ìdajì wákàtí. Ó rọ àgbà lọ́rùn torí pé ó rọra ń lọ. Ní òtẹ́ẹ̀lì Mandalay Bay, ilé ẹja kan wà tí ọmọ ti lè rìn kọjá láàárín àwọn ẹja ṣáàkì, kí gíláàsì nìkan wà láàárín wọn.

Ẹ jáde kúrò lórí Strip

Bí mo bá ní kí n yan ọjọ́ kan ṣoṣo fún yín, ọjọ́ tí ẹ máa lọ sí dáàmù Hoover, dáàmù ńlá tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, ni. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bíi máìlì 30 lọ. Láàárín 1931 sí 1935 ni wọ́n fi kọnkéré mọ ọ́n ga dé ẹsẹ̀ bàtà 726, Ààrẹ Franklin Roosevelt sì wá ṣí i. Èmi tí mo ń pe dáàmù Asẹ̀jìrẹ́ ní dáàmù tẹ́lẹ̀, mo di irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mú kí n tó wo ìsàlẹ̀. Lára òkúta tó yí adágún Mead, tó wà lẹ́yìn dáàmù náà, ká, ẹ ó rí ilà funfun fífẹ̀ tó ń fi ibi tí omi dé tẹ́lẹ̀ hàn. Ní 2022, omi náà fà sí ìsàlẹ̀ ju bó ṣe wà rí láti 1937. Odò Colorado yìí sì ni nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 omi tí Las Vegas ń lò ti ń wá. Omi tí wọ́n bá lò nínú ilé, wọ́n ń fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n ń dá a padà sínú adágún; èyí tí wọ́n bá bu sídìí koríko ni kì í padà wá. Ìdí nìyẹn tí Nevada fi ṣòfin ní 2021 pé kí wọ́n hú koríko tí kò wúlò ju ẹwà lọ kúrò ní agbègbè náà.

Ní ọ̀nà ibẹ̀ lẹ máa kọjá Boulder City, ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ dáàmù. Títí dòní, tẹ́tẹ́ títa kò bófin mu níbẹ̀. Nínú Nevada ni o! Mo fi han ọmọ ọmọ mi pé àwọn ènìyàn lè jókòó, kí wọ́n pinnu irú ìlú tí wọ́n fẹ́.

Ṣùgbọ́n mo sọ apá kejì ìtàn náà fún un pẹ̀lú, torí ọmọ aláwọ̀ dúdú ni. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáàmù yẹn, wọn kò gba aláwọ̀ dúdú síṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ wá gbà wọ́n, díẹ̀ kíún ni wọ́n gbà, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé Boulder City. Ní Las Vegas fúnra rẹ̀, apá ìwọ̀ oòrùn rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Westside ni wọ́n ká àwọn ènìyàn wa mọ́. Sammy Davis Jr. àti Nat King Cole ń kọrin fún àwọn òyìnbó lórí Strip, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí wọ́n sùn sí òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti kọrin. Ní oṣù karùn-ún 1955 ni Moulin Rouge ṣí, kasínò àkọ́kọ́ níbẹ̀ tí dúdú àti funfun ti jọ jókòó. Kò lo ọdún náà tán tó fi tì. Ní oṣù kẹta 1960, James McMillan, oníṣègùn eyín tó jẹ́ olórí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, níbẹ̀, sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú yóò ya bo Strip láti fẹ̀hónú hàn. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn olówó kasínò gbà láti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn. Moulin Rouge tí wọ́n ti tì yẹn náà ni wọ́n ti ṣe àdéhùn ọ̀hún. Irú yàrá tí èmi àti ọmọ ọmọ mi sùn sí, ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú kan kò lè sanwó sùn síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí mi.

Ìmọ̀ràn ṣókí

Ẹ má lọ láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ bí ẹ bá lè yàn. Ní oṣù keje 2024, ooru ibẹ̀ dé ìwọ̀n 120 Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bí 49 Celsius. Nínú ooru aṣálẹ̀, òógùn máa ń tètè gbẹ lára, kò dà bí ti Èkó, kí ẹ tó mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, orí ti ń fọ́ ọ. Ẹ gbé omi dání. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì tóbi débi pé èyí tí ẹ rò pé ó wà nítòsí lè gba ìdajì wákàtí. Ẹ wọ bàtà tó rọ̀.

Wọ́n ń mu sìgá nínú kasínò, òfin sì gbà wọ́n láyè. Bí ọmọ yín bá ní ikọ́ efée, ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì bíi Vdara tí kò ní kasínò, tí kò sì gba sìgá, tàbí Park MGM tó ní kasínò ṣùgbọ́n tó ti fòfin de sìgá. Ẹ béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kí ẹ tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló máa ń fi owó ìgbafẹ́ ojoojúmọ́ lé owó yàrá. Ẹni tó bá wọ aṣọ eré tó ní kí ẹ wá yà fọ́tò pẹ̀lú òun, owó ló ń retí. Àwọn kan tún máa ń pín káàdì tó ní àwòrán obìnrin tó wà níhòòhò lójú ọ̀nà. Ẹ má gbà á, bí ọmọ bá sì béèrè, ẹ sọ fún un pé àwọn kan ń fi ara obìnrin pawó níbẹ̀ àti pé ẹ kò fara mọ́ ọn. Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, ẹ padà sí yàrá.

Àwọn kan yóò sọ pé ó sàn kí ọmọ má débẹ̀ rárá. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìlú tẹ́tẹ́ ti wà lápò gbogbo ọmọ tó ní fóònù, kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan nínú fóònù tí yóò ní kó máa lọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, tẹ́tẹ́ sì wà lára ohun tó ń tètè tà á. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ yín bá ṣì gbé ìrìn, tí ẹ sì ní sùúrù láti dáhùn ìbéèrè, ẹ mú ọmọ ọmọ yín lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín ń yún láti fa ẹ̀rọ yẹn, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.